Ohun Tí Ìwé Ń Jẹ́ Ká Gbọ́: “Àṣà” àti “Ìtàn” Lọ́wọ́ Ọlábíyìí Yáì

Nínú àpilẹ̀kọ wọn “In Praise of Metonymy”, tó jáde ní 1993, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, mú ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo wa ń lò láìronú, wọ́n sì tú wọn palẹ̀. Wọ́n ní inú ṣà ni àṣà ti wá, bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà kí a tó sè é; nítorí náà, ohun tí a kò mọ̀ọ́mọ̀ yàn kì í ṣe àṣà. Ìtàn ní tirẹ̀ wá láti inú tàn, bí iná ṣe ń tàn, bí òkìkí ṣe ń tàn kálẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ka èyí bí ẹ̀kọ́ mọfọ́lọ́jì lásán: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe, ó parí. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ ọ́ kàwé títí ní Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí. Wọ́n kọ́ni ní Ifẹ̀, wọ́n kọ́ni ní Florida. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Òyìnbó, ohun tí a jogún wà lápá kan, ohun tuntun tí a dá sílẹ̀ wà lápá kejì, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń jà. Ìjà yẹn ni Yáì fẹ́ parí. Ìwé ló bí ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n fi dáhùn, ilé ni wọ́n ti rí i: kí a tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ títí a ó fi rí ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, iṣẹ́ babaláwo ni, ó ń fi orúkọ ewé ṣe é lójoojúmọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú àpilẹ̀kọ náà.

Síbẹ̀, ìbéèrè tó bá ti pẹ́ lọ́kàn ẹni máa ń yan ẹ̀rí tirẹ̀. Ọmọ tó ń fa ìka mu, a ní ó ti di àṣà rẹ̀. Ta ló yàn án? Àṣàkaṣà ńkọ́? Orísun ọ̀rọ̀ kò fi dandan jọba lórí ìlò rẹ̀.

Ti ìtàn tún le jù. Mo ti fi àpilẹ̀kọ yìí kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ Àjàṣẹ́, nawọ́ sókè, ó ní: “Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe tàn inú ìtànjẹ ni?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe ẹ̀rín. Ohùn kan náà ni, ohùn ìsàlẹ̀. Àfòmọ́ kan náà ni. Kò sí òfin mọfọ́lọ́jì kankan tó ní ká mú ìmọ́lẹ̀ ká fi ẹ̀tàn sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ bí ìdílé méjì ṣe ń pìtàn oyè kan náà yóò mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣàwàdà. Faransé nìkan ló fi ń kàwé láti kékeré. Yorùbá rẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà ló ti gbọ́ ọ. Èmi tí mo ti ka Yáì ní àkàtúnkà, etí mi ti di sí tàn kejì.

Láti ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo kọ́kọ́ ń fún wọn láti tú. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó pín àpilẹ̀kọ náà.