Ẹni tó ń yan ìwé kọ́ ló ń sanwó rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ lọ́jà, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó ná an. Bí kò bá wù yín, ẹ ó kọjá sí ìsọ̀ mìíràn. Ìwé tí àwọn ọmọ wa ń rà ní yunifásítì kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ló ń yàn án, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rà á, àwa tí a ń ta àgbàdo àti gàrí la ń wá owó rẹ̀.

Olùkọ́ ló yẹ kó yan ìwé, nítorí òun ló mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bó bá yan ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí èrè sì ń wọ àpò rẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Bí dókítà bá kọ oògùn fún wa, tó sì jẹ́ pé òun náà ló ń tà á, ṣé ọkàn wa á balẹ̀?

Àwọn ọmọ wa kan láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń kọjá sí Nàìjíríà lọ kàwé. Níbẹ̀, àwọn olùkọ́ kan ń ta ìwé pélébé tí wọ́n ń pè ní handout, wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀. Kí ni orúkọ yẹn wà fún? Ẹni tí kò lówó á máa bẹ̀rù ìdánwò. Èyí kò dára. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ti kà á léèwọ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo olùkọ́ tó kọ ìwé ló jẹ̀bi. Bí kò bá sí ìwé lórí ẹ̀kọ́ kan, ẹni tó kọ ọ́ ṣe wá lóore. Ní ọdún 2004, AAUP, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, sọ pé olùkọ́ lè yan ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìjẹ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ ní kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò. Àwọn mìíràn ní kí olùkọ́ fi èrè rẹ̀ ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Ti ìgbìmọ̀ ló wù mí jù: ẹni tí kò ní pín nínú èrè lè sọ òtítọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní kí ẹ wá owó ìwé, ẹ má bínú sí i. Ẹ bi í pé: ta ló kọ ọ́? Ọdún wo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́? Ṣé a kò lè yá a ní ilé ìkàwé? Ẹ gba ìwé náà, kí ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí: orúkọ àti ọdún sábà máa ń wà níbẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.