Èṣù àti Sátánì: Ta Ni Ó Sọ fún Wa?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí a fi Èṣù bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti pe orúkọ náà, àwọn kan a bú sẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn a sì sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi wà nínú àwọn tí ń sá. Nígbà tí a padà dé láti ìsinmi Kérésìmesì, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́. Inú mi dùn nígbà náà, mo rò pé ó ti rí ìgbàlà. Lónìí ojú ń tì mí, nítorí pé n kò bi ara mi léèrè lẹ́ẹ̀kan rí pé níbo ni mo ti mọ̀ pé Èṣù ni Sátánì.

Inú Bíbélì Yorùbá ni. Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ ribiribi ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kí odidi Bíbélì tó jáde ní èdè wa ní 1884. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ ni, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni Májẹ̀mú Titun sábà máa ń lò fún ọ̀tá Ọlọ́run. Èkínní ni satanas, tí a mú wá láti èdè Hébérù. Àwọn ògbufọ̀ wa náà yá a, wọ́n pè é ní Sátánì. Èkejì ni diabolos, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí í fi ẹ̀sùn èké kan ènìyàn. Wọn kò yá èyí. Wọ́n wá orúkọ fún un nínú ilé wa, wọ́n sì mú ti Èṣù. Nínú orí kẹrin Ìwé Mátíù, Èṣù ni ó wá dán Jésù wò, Sátánì ni Jésù sì lé lọ. Ọmọdé tí ó bá ka orí náà kò tún nílò olùkọ́ kankan láti sọ fún un pé ẹnì kan náà ni wọ́n.

Bọ́lájí Ìdòwú, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè ní 1962 pé Èṣù kì í ṣe diabolos yìí. Ó ní bí a bá fẹ́ fi í wé ẹnikẹ́ni, Sátánì inú Ìwé Jóòbù ni, ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ń dán òtítọ́ inú ènìyàn wò. Ẹ wá wò ó: nínú Ìwé Jóòbù gan-an, níbi tí àfiwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé, Sátánì ni Bíbélì wa kọ, kò kọ Èṣù!

Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé òrìṣà yìí kọjá òkun. Ní Bùràsíìlì, Bìlísì ni àwọn Kátólíìkì pè é. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí Ẹlẹ́gbára, Jésù ọmọ-ọwọ́ tí a ń pè ní Ọmọ Mímọ́ ti Atocha ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í wé. Ìjọ kan náà, òrìṣà kan náà. Bí ó bá ṣe pé ìwà Èṣù fúnra rẹ̀ ni ó fi Bìlísì hàn, báwo ni àwọn ará Kúbà ṣe rí Jésù kékeré lára rẹ̀? Nílé níhìn-ín ńkọ́? Èṣùgbàyí ni orúkọ ọba Èkó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò nílùú ní 1925. Òbí wo ni yóò fi Bìlísì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ rẹ̀?

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kéde kiri pé ẹni rere pọ́ńbélé ni Èṣù. Mo sọ ọ́ fún babaláwo arúgbó kan ní àdúgbò wa. Baba rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ta ni ó sọ fún ọ?' Wọ́n rán mi létí fìlà aláwọ̀ méjì tí Èṣù dé gba àárín ọ̀rẹ́ méjì kọjá, tí oníkálukú fi búra pé àwọ̀ tí òun rí ni àwọ̀ fìlà, títí wọ́n fi lu ara wọn. Baba ní ẹni tí ó bá sọ pé Èṣù kì í dá ìjà sílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n; ẹni tí ó bá sì gbàgbé pé òun ni í gbé ẹbọ dé ọ̀run kò mọ̀ ọ́n. N kò rí èsì fọ̀. Ìwé kan ni mo fi rọ́pò ìwé mìíràn. N kò tíì bi ẹni tí ń bọ ọ́ léèrè rí títí di ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí sílẹ̀. Èmi fúnra mi kò fi í sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àti pé ìgbàgbọ́ tí a kò béèrè orísun rẹ̀ lè mú ọmọdé sá fún ọmọdé bíi tirẹ̀. Bí a bá tún Bíbélì wa túmọ̀, ọ̀rọ̀ náà, Bìlísì, ti wà lẹ́nu wa láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ kí a lò ó. Bí mo bá sì tún pàdé ọmọkùnrin ọjọ́sí yẹn, n ó tọrọ àforíjì, n ó sì bi í bóyá mo lè pè é ní orúkọ tí ó ń jẹ́ kí a tó lé e kúrò nínú rẹ̀.