Alárenà Òdòdó

Ẹni tó bá ń gbin òdòdó ọ́kíìdì, ẹwà ló sábà máa ń wá kiri. Á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa wọ́n omi sí i, á máa ṣọ́ ọ títí yóò fi tún tanná. N kò bá wọn du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú ẹbí ọ́kíìdì tí wọn kì í gbìn torí àtiwò, tí òdòdó rẹ̀ kì í lo ọjọ́ kan tán lórí igi. Ẹnu ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Fánílà ni. Àwọn tóótòòtó dúdú wínníwínní inú áísìkiriìmù ojúlówó, hóró rẹ̀ ni. Ọwọ́ tó wà nídìí hóró yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa.

Ní agbègbè Sava, ní àríwá ìlà-oòrùn Madagásíkà, orílẹ̀-èdè tí èyí tó pọ̀ jù nínú fánílà ayé ti ń wá, ìgbà ìtànná a máa gbóná bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé. Ìdájí ni òdòdó náà ń là. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń rọ. Tó bá fi máa di alẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Ẹni tí kò bá tètè débẹ̀ láàárọ̀ ti pàdánù èso tí ì bá dúró dè fún oṣù mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí ìrì kò fi ní í tíì gbẹ tí àwọn obìnrin á ti wà lóko, tí ẹ̀gún igi ọsàn tàbí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu á wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo irinṣẹ́ wọn kò ju ìyẹn lọ.

Ọwọ́ òsì ló ń gbé òdòdó náà ró láti ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ewé òdòdó ọ̀hún ká jọ, ó fi ara bo àárín. Obìnrin náà á fi ẹ̀gún ya ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí inú lè hàn. Ọ̀pá kékeré kan ló wà níbẹ̀: akọ wà lókè, abo wà nísàlẹ̀, awọ pẹlẹbẹ kan sì dínà láàrin àwọn méjèèjì. Yóò fi ẹnu ẹ̀gún gbé awọ náà sókè, yóò sì fi àtàǹpàkò rọra tẹ akọ wálẹ̀ títí ìyẹ̀fun rẹ̀ tó ń lẹ̀ á fi kan abo. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó ti fọ́ ọ. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní í mú. Kí ènìyàn tó ka ení dé ẹ̀wá, ó ti bọ́ sórí òmíràn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ iṣẹ́ náà lè ṣe tó ẹgbẹ̀rún kan lójúmọ́. Alárenà ni obìnrin yìí: ọkọ àti ìyàwó ń gbé inú ilé kan náà, wọn kò sì lè fojú kanra láìsí i.

Síbẹ̀, kì í ṣe yíyá ọwọ́ ló ń dá mi lọ́rùn jù. Orí ṣírí kan, òdòdó lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ọ̀kan ni wọ́n sì sábà máa ń là lójúmọ́, tó fi jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ padà sídìí ìtàkùn kan náà. Kì í fọwọ́ kan gbogbo wọn. Tó bá ti ṣe bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá, á jáwọ́, á jẹ́ kí ìyókù rọ dànù. Ìtàkùn tó bá ru èso ju agbára rẹ̀ lọ, èso rẹ̀ á tínrín, òun fúnra rẹ̀ sì lè ṣàìsàn. Àwọn tó dojú kọlẹ̀ ló ń yàn, kí èso lè gùn kó sì tọ́, torí èyí tó bá wọ́ kì í rí owó gidi. Tó bá padà dé, á wo iṣẹ́ àná: òdòdó tó mú á gbẹ, kò ní í já, èyí tí kò mú á bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ wà lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí irọ́ tó fẹ́ pa.

Ìtàkùn náà gan-an ń fẹ́ ìlànà. Kì í ṣe àfòmọ́ tí ń mu omi ara igi. Ó kàn ń fara ti igi gun òkè ni. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á gun orí igi lọ níbi tọ́wọ́ kò lè tó, nítorí náà àgbẹ̀ a máa ṣẹ́ ẹ wálẹ̀, á fi kọ́ ẹ̀ka, á sì tún gùn. Ṣíṣẹ́ wálẹ̀ yẹn wà lára ohun tó ń mú kó tanná. Ọdún mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́.

Kí ló wá dé tí ènìyàn fi ń ṣe iṣẹ́ kòkòrò? Mẹ́síkò ni fánílà ti wá. Àwọn ẹ̀yà Totonac tó wà ní ìhà Papantla ni a mọ̀ mọ́ ọn láti ìgbà láéláé, àwọn oyin ilẹ̀ wọn ló sì ń bá wọn ṣe é. Àwọn òyìnbó kó ìtàkùn náà lọ, wọn kò kó oyin. Ó hù, ó tanná, kò so. Ní ọdún 1836, Charles Morren, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Liège, ní Bẹ́ljíọ̀mù, fi ọwọ́ mú un so nínú ilé onígíláàsì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kò di iṣẹ́ oko.

Ọmọ ọdún méjìlá ló sọ ọ́ di iṣẹ́ oko. Edmond ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1829 ni wọ́n bí i sínú oko ẹrú ní Sainte-Suzanne, ní erékùṣù Réunion, ìyá rẹ̀ sì kú sórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ferréol Bellier-Beaumont tó ni oko ti fi hàn án bí a ṣe ń mú akọ bá abo lára ìtàkùn kan tó jọ bàrà. Ní ọdún 1841, ọ̀gá yìí ń rìn kiri nínú oko nígbà tó rí èso lára fánílà tí kò so rí. Edmond ní òun lòun ṣe é. Kò gbà á gbọ́, àfìgbà tọ́mọ náà ṣe é níṣojú rẹ̀. Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, òótọ́ ni. Láìpẹ́, àwọn olóko mìíràn ń ránṣẹ́ pè é kó wá kọ́ àwọn ẹrú tiwọn. Nígbà tó di 1858, erékùṣù náà ń kó tọ́ọ̀nù méjì fánílà lọ sókè òkun. Ní 1898, ó ti di igba tọ́ọ̀nù.

Onímọ̀ ewéko kan, Jean Michel Claude Richard, gbìyànjú láti gba ògo náà, ó ní òun lòun kọ́ ọ. Bellier-Beaumont kọ̀wé ta kò ó. Mo gbà fún un níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ẹrú. Ní 1848, wọ́n sọ àwọn ẹrú di òmìnira, Edmond sì di Edmond Albius. Ó ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn olè, wọ́n dá a sílẹ̀ kí ọdún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó pé, ó sì kú nínú òṣì ní 1880. Bí wọ́n ṣe ń mú akọ fánílà bá abo lóko lónìí, bí Edmond ṣe ṣe é náà nìyẹn.

Bí wọ́n bá ká èso náà, iṣẹ́ kò tíì tán, torí èso fánílà tútù kò ní òórùn. Wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná tí kò hó, fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, wọ́n á fi aṣọ dì í kó làágùn, wọ́n á máa sá a sóòrùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún máa dì í padà, títí yóò fi dúdú, tí yóò rọ̀, tí òórùn rẹ̀ á jáde. Oṣù mélòó kan ni. Kílò márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti tútù ló ń di kílò kan. Olè ń jà nídìí rẹ̀ débi pé àwọn àgbẹ̀ Madagásíkà a máa fi abẹ́rẹ́ gún àmì tiwọn sára èso láti orí igi.

Láti ọdún 1874 ni àwọn ará Jámánì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe vanillin, èròjà tó ń fún fánílà ní òórùn rẹ̀, láìlo fánílà rárá. Lónìí, epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìgò kékeré tí ẹ ó kán sínú kéèkì, ẹ ka ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ vanillin ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, kéèkì yín á dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ojúlówó lórí àtẹ, tí iye rẹ̀ bà yín lẹ́rù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọlọ́jà lólè.