Ìbéèrè Èrè nínú Igbó Irúnmalẹ̀ àti Ìwakùsà ní Ìjerò-Èkìtì

Àkàwé ìrìn-àjò ẹ̀dá láyé ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) ti D. O. Fágúnwà sí. Àyẹ̀wò yìí rí ìbéèrè èrè níbẹ̀ pẹ̀lú. Èrè ara rẹ̀ ni Àkàrà-Ògùn wá nínú igbó náà; ire ìlú ni ọba tìtorí rẹ̀ rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó.

Ní Ìjerò-Èkìtì, nítorí èrè oníṣòwò ni a ṣe ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì; kòtò àti odò dídọ̀tí ló ń kù fún àgbẹ̀. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí awakùsà bá ìlú ṣe àdéhùn, kí ó sì tún ilẹ̀ ṣe. Ìlú tí kò bá mọ̀ ọ́n bèèrè kò ní í rí i gbà. Nítorí náà, kí olùkọ́ ìwé yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bèèrè: ta ló rán ọdẹ, ta ni yóò sì jẹ ẹran?