Àkìtàn Tó Ń Kọ Orúkọ Sílẹ̀

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lórí kọ̀ǹpútà mi, irinṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ ni. trash-cli lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ítálì kan, Andrea Francia, ló kọ ọ́ ní èdè Python, ọ̀fẹ́ ló sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ yìn ín ní gbangba, nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bíi tèmi kì í sábà dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń ka ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà: ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ láti inú ohùn náà, àti èyí tí olóòtú ti tún ṣe. Linux ni mo ń lò, inú Terminal ni mo sì máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀dà ń bí ẹ̀dà ni. Ẹni tí kò bá máa pa èyí tó ti gbó rẹ́ yóò dé ibi tí kò ti ní mọ ojúlówó yàtọ̀ mọ́. Nítorí náà, pípa fáìlì rẹ́ jẹ́ ojúlówó apá kan nínú iṣẹ́ wa, ó sì yẹ ká kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ èyí tó kù.

Àṣẹ tí Unix fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, láti 1971, ni rm. Lẹ́tà méjì péré. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, ẹ tẹ Enter, ó tán. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń yọ orúkọ fáìlì náà kúrò nínú fódà. Bí kò bá sí orúkọ mìíràn tó ń tọ́ka sí ohun tó wà nínú rẹ̀, tí kò sì sí ètò kankan tó ṣí i sílẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò gba àyè rẹ̀, yóò sì yà á sọ́tọ̀ fún nǹkan mìíràn. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé irú fáìlì báyìí ti wà rí.

Àwọn tó tóbi ju wa lọ náà ti rí i sójú. Ní 1998, ní ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan tẹ rm síbi tí kò yẹ lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ fíìmù Toy Story 2 wà. Wọ́n ń wò ó báyìí ni àwọn ẹ̀dá inú fíìmù náà ń pòórá. Wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀dà ìpamọ́, ìyẹn náà ò pé. Ohun tó kó wọn yọ ni pé Galyn Susman, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó sì ń ti ilé ṣiṣẹ́, ní ẹ̀dà kan lórí kọ̀ǹpútà tó wà nílé rẹ̀. Inú mi dùn fún wọn. Àmọ́ oríire ni ìyẹn, iṣẹ́ èèyàn kò sì gbọdọ̀ dúró lórí oríire.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá tún ní ewu kan tó jẹ́ tiwa. Ẹ jẹ́ ká ní fáìlì mẹ́ta wà nínú fódà kan: ọkọ.odt, ọkọ́.odt àti ọkọ̀.odt. Lójú wa, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú kọ̀ǹpútà ńkọ́? ọ tó ní àmì lábẹ́ lè jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àmì ohùn orí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ mìíràn tó ń tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá tẹ rm ọkọ*.odt, tó sì lérò pé ọkọ.odt àti ẹ̀dà rẹ̀ bíi ọkọ-2.odt nìkan ni òun ń kó dànù, yóò kó ọkọ́ àti ọkọ̀ lọ pẹ̀lú wọn. Ìràwọ̀ kékeré yẹn gba ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e, títí kan àmì ohùn. Ojú lásán kò lè rí i kó tó ṣẹlẹ̀, rm kò sì ní sọ̀rọ̀.

Ibí yìí ni trash-put, àṣẹ àkọ́kọ́ nínú trash-cli, ti ń gba iṣẹ́ ṣe. Bí ẹ bá fi orúkọ fáìlì lé e lọ́wọ́, yóò gbé e lọ sí àkìtàn tó wà nínú ilé yín lórí kọ̀ǹpútà, ní ~/.local/share/Trash. Ẹ wọ ibẹ̀ lọ wò ó. Fódà méjì lẹ máa bá. Inú files ni fáìlì fúnra rẹ̀ wà. Inú info ni ìwé kékeré kan wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìlà mẹ́ta péré:

[Trash Info]
Path=/home/akowe/iwe/%E1%BB%8Dk%E1%BB%8D.odt
DeletionDate=2025-03-14T16:20:07

Ibi tó ti wá, àti ọjọ́ àti wákàtí tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀wọ́ àmì gbọọrọ inú ìlà kejì yẹn, ọkọ ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà wa kó má baà sọnù sí kọ̀ǹpútà kankan lọ́wọ́ nìyẹn. Òfin tí ẹgbẹ́ freedesktop.org gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkìtàn sì sọ ohun kan tí mo ka sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀: ìwé kékeré yìí ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé fáìlì kúrò nípò rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín méjì, àkọsílẹ̀ ti wà nílẹ̀. Òfin yìí kan náà ni GNOME àti KDE ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ bá gbé jù láti inú Terminal fi máa ń hàn nínú àkìtàn tí ẹ ń fi máòsì ṣí.

Ohun tí mo rí nínú irinṣẹ́ yìí rèé. Ìpinnu méjì ló wà nínú pípa nǹkan rẹ́: kí ó kúrò níwájú mi, àti kí ó má sí mọ́. rm ń fi ipá mú wa ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó ti rẹ̀ wá, tí a sì ń kánjú. trash-cli yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó jẹ́ kí n ṣe àkọ́kọ́ lónìí, kí n sì fi ìkejì sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí ojú mi bá ti walẹ̀.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ohùn ìyá aláró Òṣogbo yẹn, mo ti pa á rẹ́.”

“Kí lo fi pa á rẹ́?”

“trash-put tí ẹ ní kí n máa lò náà ni.”

“Fọkàn balẹ̀. Padà sínú fódà tó wà tẹ́lẹ̀, kó o tẹ trash-restore.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kó kúrò nínú fódà yẹn tò sílẹ̀ lójú rẹ̀: nọ́ńbà, ọjọ́, wákàtí, àti ojú ọ̀nà tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti wá. Kọ̀ǹpútà bi í pé èwo ló ń fẹ́. Ó tẹ 2. Ìyá náà padà sí àyè rẹ̀, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aró ti jiná. Bó bá jẹ́ pé fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ti gba ipò yẹn ni, trash-restore ì bá ti kọ̀, kò ní kó tuntun dànù nítorí àtijọ́ àfi tí ẹ bá sọ fún un kedere. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ fíláàṣì tún wà, ó sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bí ẹ bá gbé fáìlì jù láti orí fíláàṣì, orí fíláàṣì náà ni àkìtàn rẹ̀ máa ń wà, nínú fódà tó sábà ń jẹ́ .Trash-1000. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí kò sí ìdí láti máa da fídíò ńlá kọ láti orí dísìkì kan sí òmíràn nítorí àtijù ú. Àmọ́ ààyè kò tíì ṣí sílẹ̀ o. Oníbàárà á gba fíláàṣì rẹ̀, á kì í bọ Windows, á ní ó ti kún nígbà tí kò rí fáìlì tirẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹ da àkìtàn nù kí ẹ tó yọ ọ́.

Fún dídà á nù, trash-empty ni. Èyí tí mo ń lò ni trash-empty 30: ohun tó bá ti lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ níbẹ̀ nìkan ló ń kó lọ. trash-list máa ń fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ irú fáìlì kan ṣoṣo kúrò nínú àkìtàn, trash-rm wà fún ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má fi àkìtàn ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Bí dísìkì bá kú, tòun ti àkìtàn ló ń kú. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣírí oníbàárà kò yẹ níbẹ̀ rárá, torí pé iṣẹ́ àkìtàn yìí ni láti tọ́jú nǹkan. Àwọn kan máa ń yí rm padà kó lè máa ṣiṣẹ́ trash-put. Àwọn tó kọ irinṣẹ́ yìí ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn: ọwọ́ tó ti mọ́ rm lára yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn níbi tí kò ti sí ààbò kankan, àbámọ̀ ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ́ ọwọ́ yín ní orúkọ tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Debian tàbí Ubuntu, sudo apt install trash-cli lẹ máa tẹ̀. Kí ẹ sì má dúró di ọjọ́ ìpọ́njú kí ẹ tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú fáìlì kan tí kò níye lórí lónìí, ẹ fi trash-put gbé e jù, ẹ ka ìwé kékeré tó kọ nípa rẹ̀, kí ẹ wá fi trash-restore gbà á padà.