Fèrèsé Kan, Aṣọ Funfun Kan: Ìmọ́lẹ̀ Nínú Fọ́tò Ojú Ènìyàn

Ìmọ́lẹ̀ tó bá ojú ènìyàn tó sì ta padà ni kámẹ́rà ń gbà wọlé. Bó bá ti iwájú wá gbọọrọ, imú á pẹlẹbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì tẹ́. Bó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ilà ojú á hàn, ọjọ́ orí onítọ̀hún á sì fara hàn lára awọ rẹ̀. Ẹni tó mú fóònù lásán dání, tó mọ ibi tó yẹ kí àga wà, á ya fọ́tò tó dára ju ti ẹni tó gbé kámẹ́rà olówó ńlá tí kò bìkítà ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá.

Lẹ́yìn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ohun tó tún ṣe pàtàkì ni bó ṣe fẹ̀ tó níwájú ẹni tí à ń yà. Oòrùn tóbi ju ayé lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jìnnà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà, bíńtín ló rí lójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí oòrùn ọ̀sán gangan fi ń sọ ihò ojú di dúdú, tó ń fi òjìji sábẹ́ imú àti àgbọ̀n, tí etí òjìji náà sì ń mú bí abẹ. Bí ìkùukùu bá bò ó, gbogbo ojú ọ̀run á di orísun ìmọ́lẹ̀ kan tó fẹ̀, òjìji á sì rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òrùlé bò ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, bí onítọ̀hún bá ti kọjú síta. Abẹ́ igi tí ewé rẹ̀ kò dí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí oòrùn á máa ta tótòtó sójú ẹni.

Nínú gbogbo ohun tí ayafọ́tò lè fi dán ìmọ́lẹ̀ wò, fèrèsé ló dára jù. Èyí tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà ni kí a wá. Kí a pa gílóòbù inú yàrá, kí ẹni tí à ń yà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Bó bá kọjú sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á kárí ojú. Bó bá ń yí kúrò díẹ̀díẹ̀, ó ní ibì kan tí òjìji imú àti òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti pàdé, tí ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta kékeré kan á sì kù sábẹ́ ojú tó wà lápá òkùnkùn. Rembrandt, ayàwòrán ilẹ̀ Holland ní ọ̀rúndún 17, ni àwọn ayafọ́tò fi sọ ètò yìí lórúkọ. Ó tọ́ kí a pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, kí a máa wo bí ojú kan náà ṣe ń di ojú mìíràn, kí ọwọ́ tó kan kámẹ́rà rárá.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe jìnnà tó náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gílóòbù kékeré tó wà ní mítà 1 sí ojú, bí a bá sún un dé mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò kù; ní mítà 3, ó di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Fèrèsé kò tẹ̀lé òfin yìí géérégé torí pé ó fẹ̀, àmọ́ ìwà wọn jọra: ẹni tó sún mọ́ ọn á mọ́lẹ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣú. Báyìí ni ògiri tó dọ̀tí ṣe lè pòórá láìsí pé a ta aṣọ kankan sẹ́yìn.

Apá ojú tó ṣú ni aṣọ funfun wà fún, kí ó lè ta ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Kádíbọ́ọ̀dù funfun náà lè ṣe é, kódà ẹni tó wọ agbádá funfun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lè ṣe é. Bó bá sún mọ́ ojú, òjìji á fúyẹ́. Bó bá jìnnà, òjìji á ṣú. Aṣọ dúdú ń ṣe òdì kejì, ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ó sì wúlò fún ojú tó gbòòrò jù. Aṣọ tàbí ògiri aláwọ̀ ewé á kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní àwọ̀ tirẹ̀, kí a yẹra fún un.

Lára awọ dúdú ni iṣẹ́ yìí ti dùn jù. Awọ dúdú kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà púpọ̀, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ máa ń hàn ju ti awọ pupa lọ, dídán yẹn ló sì ń fi bí iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe rí hàn. Fíláàṣì kékeré iwájú kámẹ́rà á sọ ọ́ di àmì funfun ganrín-ganrín. Fèrèsé á tẹ́ ẹ sórí awọ pẹ̀lẹ́. Ìṣòro tó kù ni ti ìṣirò kámẹ́rà, tó máa ń rò pé àwọ̀ eérú ni gbogbo ohun tó wà níwájú òun. Bí aláwọ̀ dúdú bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú á sì ṣú. Ojú ni kí a fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, a lè fi ìka tẹ ojú náà, kí a sì fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí awọ á fi rí bó ṣe rí gan-an.

Àwọn ayafọ́tò àtijọ́ náà fi irú ìmọ́lẹ̀ lásán yìí ṣiṣẹ́. Seydou Keïta, ayafọ́tò ilẹ̀ Mali, ṣí sítúdíò rẹ̀ ní Bamako lọ́dún 1948, oòrùn inú àgbàlá ló sì sábà máa ń lò. Aṣọ tó fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni aṣọ ẹ̀yìn àkọ́kọ́; bó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn ló wá ń jẹ́ kí ó mọ ìgbà tí ó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ya oníbàárà, torí fíìmù wọ́n. Ṣáájú rẹ̀, Julia Margaret Cameron, ayafọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti di ẹni ọdún 48 nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà fi kámẹ́rà ta á lọ́rẹ ní 1863. Ilé adìyẹ tó wà ní Freshwater, ní erékùṣù Wight nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ di sítúdíò onígíláàsì. Àwọn kan bú u pé fọ́tò rẹ̀ kò mú kedere, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó lò kò tíì ṣá títí dòní.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde ní 1978 lórí àwọn ayafọ́tò ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Lára ohun tó rí nígbà náà ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú, wọ́n á tẹ àwòrán èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bó bá jẹ́ takọ-tabo ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin, á sì tún wọ ti obìnrin, kí wọ́n lè so fọ́tò méjèèjì pọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba kí ìmọ́lẹ̀ dúró sójú kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji á tako ara wọn.

Lálẹ́, gílóòbù kan tó. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí a ta síwájú rẹ̀, tí kò fara kàn án nítorí iná, á mú kí ó fẹ̀. Kí a má da gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, torí apá kan ojú á pọ́n, ìkejì á dà bí aró. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ti kéré, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ jókòó sórí tábìlì kí ó má bàa mì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí fọ́tò ẹlòmíràn ṣe rí ìmọ́lẹ̀ gbà, inú ẹyinjú ni kó wò: fèrèsé máa ń hàn níbẹ̀ ní onígun mẹ́rin, gílóòbù ní róbótó, fíláàṣì iwájú sì máa ń jẹ́ ẹyọ kan ṣínńṣín láàárín gbùngbùn.