Ẹ̀rọ Ìpọ́nbẹ Tó Ń Gbọ́ràn

Ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ oníbẹ́líìtì tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan ààbọ̀ lọ. Wíìlì mẹ́ta ló ní: ọ̀kan nísàlẹ̀ tó ń fa iṣẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan tó fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Bẹ́líìtì sáńdípépà tó fẹ̀ ní íǹṣì 1, tó gùn ní íǹṣì 30, ló gba orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí po. Láàárín wíìlì òkè àti ti ìsàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan dúró tí bẹ́líìtì ń fẹ̀yìn tì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ẹni tó ń lò ó, tábìlì kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí a lè gbé irin iṣẹ́ lé. Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ ṣe ọ̀bẹ ní Amẹ́ríkà ló fi irú rẹ̀ kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó ra ńlá, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà sì ń rà á nítorí kò gbàyè, kò sì wọ́n.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìbàdàn, yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe tà á. Mọ́tọ̀ tó bá a wá ti kúrò nídìí rẹ̀, òmíràn ló ń fà á báyìí, bọ́tìnì roboto kan tí wọ́n ń yí bíi ti rédíò sì wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá yí i díẹ̀, bẹ́líìtì á máa rìn débi pé ẹ ó máa rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bó ṣe ń kọjá, kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́. Bí ẹ bá yí i dé òpin, ojú ìlẹ̀pọ̀ náà á sọnù, á wá ku híhu nìkan. Bọ́tìnì yẹn ni mo torí rẹ̀ gbé gègé, torí pé bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe ẹ̀rọ náà, kò mọ̀ ju eré àsápajúdé lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ló sì ń sọ iye ìgbà tí mọ́tọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ máa yí: nǹkan bí 2,850 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí wíìlì tó ń fa bẹ́líìtì bá fẹ̀ ní mìlímítà 100, bẹ́líìtì á máa sá tó mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ jẹ irin kúrò kíákíá. Ẹni tó fẹ́ pọ́n ọ̀bẹ ńkọ́? Bí ọwọ́ bá tẹ irin mọ́ bẹ́líìtì bákan náà, bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni ooru ṣe máa pọ̀ tó. Ẹnu ọ̀bẹ sì nìyí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ara tí ooru lè sá sí.

Alágbẹ̀dẹ ń ka ooru yìí nínú àwọ̀ irin. Bí irin dídán bá gbóná tó nǹkan bíi dígírì Celsius 220, á yọ àwọ̀ koríko gbígbẹ. Á kọjá sí àwọ̀ ara obì, á di elésè àlùkò, nígbà tó bá sì fi máa tó nǹkan bíi 300, àwọ̀ aró ló kù. Lára ọ̀bẹ tí wọ́n fi irin lásán ṣe, aró yẹn ti pẹ́ jù: líle tí alágbẹ̀dẹ fún ẹnu rẹ̀ ti lọ, bí ẹ bá sì pọ́n ọn títí, kò ní pẹ́ tó tún fi máa kú. Lórí bẹ́líìtì tó ń sá ní mítà 15, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó fún àwọ̀ náà láti yọ ní ṣóńṣó ọ̀bẹ. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu dírílì ni kò bìkítà, torí ó lè gbóná tó 600 kó ṣì máa le. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ẹnu dírílì gé ẹran?

Kí iná mànàmáná tó dé, ẹni tó ń pọ́n nǹkan ló ń sọ bí òkúta rẹ̀ ṣe máa yí. Apọ́nbẹ tó ń fẹsẹ̀ tẹ òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ náà ni. Mọ́tọ̀ ló fún wa lágbára tó sì gba ìwọ̀n lọ́wọ́ wa. Ohun tí bọ́tìnì ọ̀rẹ́ mi ṣe ni pé ó dá ìwọ̀n padà, láìgba agbára.

Àtidá a padà kò rọrùn bó ṣe jọ o. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kí wọ́n so rẹ́gúlétọ̀ fáànù mọ́ mọ́tọ̀ àtijọ́. Kì í ṣiṣẹ́. Síwá-sẹ́yìn iná ni mọ́tọ̀ yẹn ń tẹ̀lé, kì í tẹ̀lé fóòtì. Bí ẹ bá dín fóòtì kù, agbára rẹ̀ lẹ dín kù: á máa sáré bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbé ọ̀bẹ kàn án, ìgbà náà ni á rọ, á máa kùn, á sì máa gbóná. Nínú òmíràn, wáyà kejì wà tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, súwíìṣì kékeré kan sì ń já a kúrò nígbà tí eré bá ti tó. Bí eré bá já wálẹ̀, súwíìṣì náà á tún gbá mọ́ ọn, iná á máa gba inú wáyà tí wọn ò ṣe fún iṣẹ́ pípẹ́, imú yín ni á sì kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó ti jóná. Fáànù òkè àjà ń gbà fún rẹ́gúlétọ̀ nítorí afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tì. Bí eré rẹ̀ bá ṣe ń dín kù ni ẹrù rẹ̀ ń fúyẹ́. Ọwọ́ tó tẹ àdá mọ́ bẹ́líìtì kì í fúyẹ́ báyẹn.

Ọ̀nà tó dára méjì ló wà. Èkíní ni mọ́tọ̀ onífésì mẹ́ta pẹ̀lú àpótí tí àwọn oníná ń pè ní VFD, tó lè sọ ìgbà 50 di 20 tàbí 70 bó bá ṣe wù yín. Ọ̀nà yẹn mọ́, ó sì gbówó lórí. Èkejì ni ọ̀rẹ́ mi gbà: mọ́tọ̀ tòkúnbọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan nílé eré ìmárale. Òòfà ló wà lára ògiri inú irú mọ́tọ̀ yìí, kábọ́ònù méjì ló ń gbé iná wọ àárín rẹ̀. Àpótí kan á kọ́kọ́ sọ iná ìjọba di irú ti bátìrì, fóòtì ló sì ń tẹ̀lé: fóòtì kékeré, eré kékeré. Àpótí tó bá dára tún ń mọ̀ bí ẹrù bá wúwo sí i, á fi iná kún un kí eré má bàa já. Iye agbára ẹṣin tí wọ́n kọ sára mọ́tọ̀ náà, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. Iye tó lè gbé fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í ṣe ti iṣẹ́ àṣekú. Ẹ̀rọ kékeré bí èyí kò tilẹ̀ nílò ju ìdajì agbára ẹṣin kan lọ.

Kò so mọ́tọ̀ náà mọ́ wíìlì tààrà. Ẹ̀yìn ló gbé e sí, ó fi púlì oní mìlímítà 50 sára mọ́tọ̀, ó fi ti 100 sí ìdí wíìlì, bẹ́líìtì rọ́bà sì so wọ́n pọ̀. Bí mọ́tọ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, wíìlì á yí lẹ́ẹ̀kan, agbára ìyípo á sì di ìlọ́po méjì. Nígbà tí mọ́tọ̀ bá wà lórí ìyípo 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́líìtì ìpọ́nbẹ ò kọjá nǹkan bíi mítà 10 ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá wà lórí 500, mítà 1.3 ni. Ẹ wo ibi tí ìyẹn bọ́ sí: òkúta ẹ̀rọ olómi T-8 tí ilé iṣẹ́ Tormek ní Sweden ń ṣe, tó fẹ̀ ní mìlímítà 250, kì í yí ju ìgbà 90 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bíi mítà 1.2. Àlòkù mọ́tọ̀ gbé ẹ̀rọ ọjà dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá, láìlo omi.

Mo ti jókòó tì í wò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Àdá tó ti ya lẹ́nu, eré gíga ló fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lórí bẹ́líìtì oní nọ́ńbà 120 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú bẹ́líìtì ń kúná sí i), lókè ibi tí irin pẹlẹbẹ parí sí, kí bẹ́líìtì lè tẹ̀ díẹ̀ kí ẹnu àdá sì ní ikùn tó máa gba ìjàlù igi. Ọ̀bẹ ìdáná, á dẹ̀ ẹ́ sí ìdajì, á gba 240 lọ sí 400. Ibi tí mo ti mọyì rẹ̀ jù ni ti àlùmọ́gàjí. Ìyá aránṣọ kan gbé tirẹ̀ dé, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹni tó pọ́n ọn kẹ́yìn jẹ ẹ́ lára.” Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, mímú ló máa mú, bẹ́líìtì kò ní jẹ ẹ́ lára.” Ó tú bóòtù àárín rẹ̀, ó yí bọ́tìnì wálẹ̀ pátá, ó gbé ojú ìta tó dagun nìkan kan bẹ́líìtì. Kò fọwọ́ kan ojú inú, torí ibẹ̀ ni abala méjèèjì ti ń pàdé. Bí bẹ́líìtì bá jẹ ibẹ̀, aṣọ á máa wọ àárín wọn láìgé. Ìgbà tó fi ìka ra ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀, ó rí ohun tó ń wá: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká sí ìdàkejì, tí ìka ń mọ̀ kí ojú tó rí i. Ó ti tó nìyẹn. Ẹ̀yìn àlùmọ́gàjí náà kò tilẹ̀ gbóná.

Àwọn agbẹ́gilére náà ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìpele iṣẹ́ wọn, láti ọ̀nà lílé dé àlétúnlé, dé dídán, dé fínfín, bó ṣe ń lọ síwájú ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ máa mú sí i. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fín ilà ojú àti irun orí ère, bí kò bá mú dáadáa, á máa tẹ igi ni, kò ní gé e. Bẹ́líìtì awọ ló ń parí ti wọn, èyí tó fi ọṣẹ ìdán aláwọ̀ ewé kùn. Lórí awọ, ẹnu ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí bẹ́líìtì ti ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gún awọ, á sì fò. Bẹ́líìtì tó ń sọ̀ kalẹ̀ á wá fi dandan mú ọ̀bẹ kọjú sísàlẹ̀, níbi tí ojú kò ti rí i dáadáa. Ohun tó ṣe ni pé ó fi súwíìṣì kan kún un tó ń yí mọ́tọ̀ padà, bẹ́líìtì awọ á máa gòkè, ẹnu ọ̀bẹ á máa wo òkè. Kó tó dán an wò, ó lu ihò, ó fi píìnì há wíìlì irin wúwo tó wà lórí mọ́tọ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí okùn òsì ni wọ́n sábà máa ń fi dè é. Bí ẹ bá yí i padà láìhá a, ó lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí eré.

Àléébù rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Òòfà inú mọ́tọ̀ ń fa ẹ̀bù irin mọ́ra, ihò atẹ́gùn rẹ̀ sì gbòòrò, nítorí náà pátákó kan ló ń pààlà sáàárín òun àti bẹ́líìtì, àpótí iná sì wà nínú ike tó ní ìdérí. Títa-pàrà iná lára irin kò tún bá ẹ̀bù igi gbé pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìta ló gbé ẹ̀rọ náà sí, lábẹ́ páànù, pẹ̀lú abọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń wá ẹni tó máa bá a sọ páànù náà gùn sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.